Oògùn Tó Ṣẹ́kù

Aládùúgbò mi ní Sharjah padà sílé, ó fi páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta sílẹ̀. Mo sọ fún Màmá mi n'Ìbàdàn. "Irú tèmi gan-an nìyẹn! Má dà á nù o, fi ránṣẹ́."

Ṣé ìkà ni mí tí mo bá kọ̀? Nọ́ọ̀sì ni mí ní Dubai. Láti 1996 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká má fi oògùn tó ti dé ọwọ́ aláìsàn tọrẹ. Ta ló mọ ibi tó ti wà? Ooru inú mọ́tò níbí lóṣù keje, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ tó bà jẹ́ á rùn. Oògùn lè má rùn.

Mo kó o fún apòògùn ibi iṣẹ́ wa kí wọ́n bá mi sun ún. Owó oògùn oṣù kan ni mo rí fi ránṣẹ́. Páálí yẹn ì bá tó oṣù mẹ́ta. Màmá ní òun ti gbọ́.