Bàtà Ẹsẹ̀ Kan

Nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwòrán ọkùnrin kan wà lára èèpo ìwé ìkọ̀wé wa. Ó ń fò kọjá ọ̀pá, bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀, ẹsẹ̀ òsì ló wọ̀ ọ́ sí. Emmanuel Ifeajuna ni. Ní Vancouver, ní Kánádà, lọ́dún 1954, ó fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 8, ó sì di aláwọ̀ dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú eré ìdárayá àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi a máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, a sì máa bọ orí rẹ̀ láàárọ̀ Ajé (ẹ má bi mí bó ṣe ń pa méjèèjì pọ̀). Ó wo àwòrán náà títí, ó ní, "Ẹsẹ̀ yẹn, àtọ̀runwá ni."

Ọdún 1954 yẹn náà ni Ifeajuna wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Kò bá wọn díje mọ́. Òṣèlú akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà á lọ́kàn, àwọn akéwì bíi J. P. Clark àti Christopher Okigbo ló sì ń bá rìn.

Nígbà tí èmi náà dé Ìbàdàn lọ́dún 1964, Tedder Hall ni mo gbé. Ẹsẹ̀ mi yá nílẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá àwọn eléré kan ilẹ̀kùn mi títí, mo sápamọ́ sábẹ́ ibùsùn tèmi tìwé kẹ́mísìrì. Bàbá mi gbọ́, ó kọ lẹ́tà sí mi: mo kẹ̀yìn sí orí mi, orí mi yóò sì bi mí.

Ṣé lóòótọ́ ni? Àwọn àgbà ya àkúnlẹ̀yàn sọ́tọ̀ kúrò lára àkúnlẹ̀gbà. Lójú tèmi, àkúnlẹ̀gbà ni ẹsẹ̀: a fún ni, a kò fi ránni níṣẹ́. Ẹni tí a fún ní àdá kò jẹ gbèsè igbó.

Àwọn ẹgbẹ́ mi kò gbà. Wọ́n ní ẹ wo Ifeajuna: ó pa fífò tì, ó di sójà, ó bá wọn dìtẹ̀ gbàjọba ní January 1966, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Enugu lóṣù September 1967. Wọ́n ní orí tó kọ̀ ló gbẹ̀san. Èmi a máa bi wọ́n pé, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n pa pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, eré wo ni òun pa tì? Ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ lóru January yẹn, àfọwọ́fà ni. Ọwọ́ ló ṣe é. Ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá mi kú láìgbà fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìkọ̀wé tó ní àwòrán Ifeajuna ṣì wà nínú àpótí mi. Ìṣirò ni mo ṣe sínú rẹ̀, 3 nínú 10 ni tíṣà fún mi.