Èrè Tí A Kò Lè Sọ
Àwa tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń bọ́ nílùú Ọba, láàárọ̀ Sọ́ńdè, abọ́ Pyrex àtijọ́ là ń wá kiri níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù nínú búùtù mọ́tò: èyí tí wọ́n ṣe ní Sunderland, kí ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ tó kógbá wọlé ní 2007.

Màmá àgbà kan ní ká mú abọ́ ìyá àwọn ní £2. Fóònù wa ti sọ pé £40 ni. Ṣé ká dákẹ́? Wọ́n ní ẹni tó mọjà ló ń jèrè. Àmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó bá rí ihò nínú kóòdù ẹlòmíì, ṣe ló yẹ kó sọ, kì í ṣe kó gbabẹ̀ wọlé jalè.

A sọ fún màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ ṣáà máa fi jẹun." A san £2, ọkàn wa balẹ̀. Èrè tí a kò bá lè sọ lójú ẹni tó tajà, ẹrù olè ni.