Ojú Àlejò ní St Andrews

Àwọn àgbà ní, "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran." Òwe náà kò pe àlejò ní afọ́jú, ojú tó gbé wá láti ilé ló ṣì fi ń wo ilé onílé. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ìbàdàn dé St Andrews, ìlú etí òkun ní Scotland, lóṣù Kẹsàn-án. Ó rí oòrùn lójú fèrèsé, ó wọ bùbá fẹ́lẹ́ jáde, atẹ́gùn Òkun Àríwá sì gbá a létí.

Òtútù kò tilẹ̀ le. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni. Iwájú ilé ìsìn St Salvator ti yunifásítì ibẹ̀ ni òwe náà ti jinlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi òkúta to lẹ́tà PH sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dáná sun Patrick Hamilton, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì, ní 1528, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé ẹni tó bá tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀ yóò fìdí rẹmi nínú ìdánwò. (Èèwọ̀ kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan!) Àlejò rí òkúta, kò rí èèwọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé fóònù ti la ojú àlejò, pé Google á sọ fún un. Òótọ́ ni, bó bá béèrè. Ṣùgbọ́n ta ní í béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà? Ẹnu onílé ló ń là á lójú, òun náà ló sì ń júwe ètùtù: ẹni tó ti tẹ̀ ẹ́ yóò bọ́ sínú òkun ní ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún.