Ẹ Má Lọ Kí Wọ́n Tó Kọ Àmín

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ibi tí a ó kà láàárọ̀ yìí kò gùn: Mátíù orí 26, ẹsẹ 30. Olúwa àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹun tán, wọ́n kọrin, wọ́n sì kọrí sí òkè Ólífì. Kókó mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé wá: orin náà, àwọn tó kọ ọ́, àti ibi tí wọ́n ń lọ.

Èkíní, orin náà. Àwọn tó mọ àṣà àwọn Júù sọ fún wa pé Orin Dáfídì 113 títí dé 118 ni wọ́n máa ń kọ nígbà Ìrékọjá. Lúùkù sì sọ pé ọdọọdún làwọn òbí Jésù ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ̀dún náà. Orin tí wọ́n ti ń kọ sí i létí láti kékeré ni! Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa wá mú un, kò wí pé, "Pétérù, eléyìí ti sú mi, dá òmíràn."

Ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀ ná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, lẹ́tà kan dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Àwọn tó kọ ọ́ ní ká sinmi Mèsáyà, orin Handel, lọ́dún yìí, pé orin kan náà ní gbogbo oṣù Kejìlá ti sú àwọn, pé Orin Dáfídì 98 gan-an ló pàṣẹ orin tuntun. Inú mi dùn pé wọ́n ń ka Bíbélì. Ṣùgbọ́n mo tún ka orúkọ àwọn tó buwọ́ lù ú, mo sì ṣí ìwé tí àwọn akọrin fi ń pe orúkọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tí kò yọjú sí ìdánrawò látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ohun tí ẹ kò kọ, báwo ló ṣe sú yín?

Ẹ wá sí ìdánrawò lọ́jọ́bọ̀! Ìparí ìwàásù ni mo fi ìyẹn sí, àmọ́ ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mo lọ jókòó sẹ́yìn àwọn akọrin. Àmín ni wọ́n ń kọ́, èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àmọ́ Handel fà á títí. Báàsì ló ń kọ́kọ́ wọlé, tẹ́nọ̀ á tẹ̀ lé e, áltò á gbà á, tírébù á wá gbé e lọ sókè. Báàsì wọlé, ilé kún. Ó kan tẹ́nọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn, ti ọmọ yunifásítì kan tó ti ibi ìdánwò sáré wá. Ọ̀gá akọrin dá wọn dúró, ó ní kí báàsì tún un bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan náà! Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá wa kan ní áltò, tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, tí ìwé sòfà wọn wà ní pípadé lórí itan wọn, bá ọmọ náà gbé ti tẹ́nọ̀, wọ́n sì yà bọ́ sí ti áltò gẹ́lẹ́ bó ṣe kàn án. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n mọ ibi tí orin náà máa yà sí kó tó yà. Ayọ̀ tí mò ń wí nìyẹn, ẹ kò lè fi lẹ́tà gbà á lọ́wọ́ wọn. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọdọọdún yìí, ọwọ́ Handel fúnra rẹ̀ ló ti wá. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1742 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ Mèsáyà fún gbogbo ènìyàn ní Dublin, nílẹ̀ Áílándì, wọ́n sì fi nínú owó ọjọ́ náà tú àwọn 142 tí gbèsè gbé sẹ́wọ̀n sílẹ̀. Láti 1750, ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè tọ́. Ojú Handel fọ́, kò fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1759, ó wà níjókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ 14, ó ti kú. Ẹni tó ni orin kò ní ó sú òun.

Èkejì... mo ti sọ ọ́ mọ́ èkíní. Ẹ jẹ́ ká fi kókó sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe akọrin, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Lọ́jọ́ tí a bá ń kọ Mèsáyà, ẹ ó pẹ́ dé, ẹ ó máa dúró de Halelúyà inú rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó dìde, fóònù á lọ sókè. (Ìtàn pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dìde, ẹ̀rí rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ ẹ máa dìde.) Bó bá ti parí, a ó máa gbọ́ ọkọ̀ níta. Apá kejì ni Halelúyà parí! Apá kẹta ló kù, ibẹ̀ ni kàkàkí ìkẹyìn ti ń dún, tí òkú ń jí. Ẹ ń sá kúrò níbi àjíǹde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.

Ìgbìmọ̀ ti fèsì lẹ́tà: a ó kọ Mèsáyà lọ́dún yìí, a ó sì kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní orin tuntun, kó mú un wá, a ó fún un ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́nọ̀, Ọjọ́bọ̀, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí àwọn tó buwọ́ lùwé ṣáájú dé.