Kí Ni A Fi Ń Mọ Ẹni Tó Yí Padà?

Ní Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ Ìsinmi kọjá kí a má gbọ́ ẹ̀rí ẹni tí Jésù sọ di ẹni ọ̀tun. A ń bá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di aṣáájú lọ́la, nínú ìjọ tàbí ní ìlú, kí ni a óò fi mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ yí padà lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo Ààrẹ Mathieu Kérékou. Ológun ni nígbà tí ó gba ìjọba ní 1972. Ní 1974 ó kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìlú yóò tẹ̀lé. Wọ́n ju àwọn alátakò sẹ́wọ̀n nígbà náà, ìrònúpìwàdà kankan kò sì lè pa ìyẹn rẹ́. Nígbà tí ìjọba kò rí owó oṣù san mọ́, a pe Àpérò Gbogboogbò sí Kùtọnú ní oṣù kejì ọdún 1990. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni ó darí rẹ̀. Àpérò náà gba ọ̀pọ̀ agbára lọ́wọ́ Ààrẹ. Ọmọ ogun wà níkàáwọ́ Kérékou, kò lò wọ́n. Ní 1991 ó fìdí rẹmi nínú ìbò, ó sì gbé ìjọba sílẹ̀.

Nígbà tí ó padà wọlé ní 1996, onígbàgbọ́ tí kò fi ìgbàgbọ́ pamọ́ ni. Òfin ní kí Ààrẹ búra níwájú Ọlọ́run, ẹ̀mí àwọn baba ńlá, orílẹ̀-èdè àti àwọn ará ìlú. Ó fo ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá. Ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Ìwé Òfin ní ìbúra náà kò múlẹ̀. Ó padà wá, ó sì ka gbogbo rẹ̀ bí a ti kọ ọ́.

Ṣé ó sẹ́ ìgbàgbọ́ ni? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò wúwo lẹ́nu onígbàgbọ́. Nínú agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n lè gbé eégún, kí àbúrò máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìyàwó ilé máa kírun. Ẹni tí yóò ṣe olórí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ẹ̀rí-ọkàn tirẹ̀ di òfin fún gbogbo wọn. Fífo ọ̀rọ̀ náà fi ohun tí ó gbàgbọ́ hàn wá. Gbígba ìbáwí ni ó fi hàn pé ìgbàgbọ́ náà ti ń sọ ọ́ di onírẹ̀lẹ̀. Ní 2006, nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, kò yí Ìwé Òfin padà kí ó lè dúró. Ó lọ.

Ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1922, kì í ṣe ẹwà imọ̀ ni wọ́n fi ń yan irúgbìn: ìdì ẹyìn tí igi so láti ọdún dé ọdún ni wọ́n ń kà. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa wo aṣáájú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ẹnu dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tọ́ ọ sọ́nà, ṣé ó ń gbọ́? Nígbà tí àsìkò bá tó, ṣé ó ń dìde lórí àga? Kí a tó bi í, kí olúkúlùkù wa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀.