Ẹ̀rù Wa Kì Í Ṣe Ẹrù Rẹ̀

Nígbà tí oníṣègùn bá sọ fún obìnrin kan pé kókó tí ó wà nínú ọmú rẹ̀ jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n pé a tètè rí i, kí ni ojúṣe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sí i? Ìbéèrè yìí rọrùn láti dáhùn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ yóò ní owó ni. Ẹlòmíràn yóò ní àdúrà ni. Ẹlòmíràn yóò sì ní kí a máa tù ú nínú. Gbogbo wọn ni ó dára, èmi kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ohun kan wà tí ó ṣáájú wọn, tí ó sì ṣòro jù wọ́n lọ: pé kí àwa tí a jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ru ẹ̀rù tí ń ba àwa tìkára wa, kí a má ṣe gbé e lé e lórí. Ohùn díẹ̀ ni ó ya ẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù nínú èdè wa. Nínú ilé tí àìsàn bá wọ̀, kì í pẹ́ tí ọ̀kan fi ń di èkejì.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Orúkọ tí àwọn baba wa fún àrùn yìí, láti ìparí rẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Wọ́n rí egbò tí ń jẹ ẹran ara lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n rí obìnrin tí ó gbẹ títí ó fi kú, wọ́n sì pè é ní jẹjẹrẹ. Wọn kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dun ènìyàn. Kókó kékeré kan ni, tí ọwọ́ lè ṣèèṣì kàn nígbà tí obìnrin bá ń wẹ̀; púpọ̀ nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ ni kì í tilẹ̀ í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ṣe ń fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń wò ó lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí wọ́n tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wá wí pé a tètè rí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àrùn náà ṣì wà nínú ọmú, tàbí pé ó ti dé kókó díẹ̀ lábẹ́ abíyá, ṣùgbọ́n pé kò tí ì lọ sí egungun, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí ẹ̀dọ̀. Èyí tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, a ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé yóò san pátápátá, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sì ti là á kọjá tí wọ́n dàgbà dàrúgbó. Ṣùgbọ́n ojú ìparí ni ìdílé fi ń wo ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà jókòó níwájú wọn, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun. Àwọn ti ń fi ojú inú wo pósí.

Ẹ̀rù yìí kì í wọ aṣọ ara rẹ̀ jáde. Ó lè wọ aṣọ ìgbàgbọ́. Ẹ̀gbọ́n kan yóò dìde, yóò ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A kò gbà á. Àrùn yìí kì í ṣe tìrẹ. Má tún fi ẹnu rẹ pè é mọ́.” Gbogbo ilé yóò ṣe àmín. Ta ni ọ̀rọ̀ náà tù nínú? Ẹni tí ó sọ ọ́ ni. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, aláìsàn kò ní ẹni tí yóò sọ fún mọ́ pé òun kò fi ojú kan oorun lóru àná, nítorí bí ó bá sọ ọ́, yóò dà bí ẹni tí kò ní ìgbàgbọ́. Àwa ará ìjọ ni a mọ èyí í ṣe jù. Ó sì lè wọ aṣọ ọgbọ́n àgbà: “Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o, kí àwọn àna rẹ má gbọ́.” Òtítọ́ ni pé ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà, àṣírí aláìsàn kì í sì í ṣe ohun tí a ń kiri ọjà. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni àṣírí náà. Bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mọ̀, kí ó mọ̀; bí ó bá fẹ́ kí ìyá àgbà má mọ̀, kí ó má mọ̀. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú tiwa, kì í ṣe òun ni a bò láṣìírí. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò pa òwe pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe rere ni, fún ilé. Ẹni tí kò bá lè pa á fún ọkùnrin tí a fẹ́ gé ní ẹsẹ̀, kí ó má pa á fún obìnrin tí a fẹ́ gé ní ọmú.

Nínú èdè wa, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ìyá ẹni, a ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ṣáájú dé ayé: ẹ̀gbọ́n ni, tàbí àbúrò? Bí aláìsàn bá jẹ́ àbúrò, àwọn ẹ̀gbọ́n rò pé àwọn ni ó ni ìpinnu. Wọn a pe ìpàdé, wọn a sì pe aláìsàn wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò kò ní lè bi í léèrè ohunkóhun. Wọn a kúnlẹ̀ kí i, wọn a ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n wa,” wọn a sì máa lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò àgbà, n kò sì fẹ́ kí ọmọdé kankan fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ohun ìjà. Ṣùgbọ́n ipò àgbà kò dé inú ara ẹlòmíràn. A máa ń wí pé ọmú kan náà ni a jọ mu, láti fi hàn pé ọmọ ìyá ni wá. Ọmú tí ń ṣàìsàn yìí, obìnrin kan ṣoṣo ni ó ni ín.

Ìpinnu tí mo ń wí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ní 1894, oníṣègùn Amẹ́ríkà kan, William Halsted ti Baltimore, kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, nínú èyí tí ó ń gé gbogbo ọmú, àti ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àti kókó abíyá, kúrò pa pọ̀. Fún ohun tí ó ju ọdún 70 lọ, ọ̀nà rẹ̀ tàbí èyí tí ó jọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń tọ̀, nítorí wọ́n rò pé bí ohun tí a gé bá ti pọ̀ tó ni ìwòsàn yóò ti dájú tó. Bernard Fisher ní Amẹ́ríkà àti Umberto Veronesi ní Milan, ní ilẹ̀ Ítálì, ni wọ́n fi sùúrù dán an wò, ní 2002 àwọn méjèèjì sì tẹ èsì ọdún 20 jáde: àwọn obìnrin tí a tètè rí àrùn wọn, tí a yọ kókó náà pẹ̀lú ẹran àyíká rẹ̀, tí a sì fi ìtànṣán tọ́jú ọmú tí ó kù, wọ́n pẹ́ láyé bákan náà pẹ̀lú àwọn tí a gé gbogbo ọmú wọn. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tí ń pariwo pé, “Kí wọ́n gé e dànù, kí ọkàn wa lè balẹ̀,” àti ìyá tí ń sunkún pé, “Wọn kò gbọdọ̀ fi abẹ kàn án,” ẹ̀rù kan náà ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Bí ó ti wù kí ó rí, yíyàn yìí kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn kan wà tí oníṣègùn yóò sọ fún pé gbogbo ọmú náà ni ó yẹ kí ó lọ. Fún àwọn tí ó lè yàn pàápàá, ẹ̀rọ ìtànṣán kò pọ̀ ní Nàìjíríà bí àwọn tí ó nílò rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ní 2019 ni a ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun kan sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní Èkó. Obìnrin tí ń gbé ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ṣakí yóò wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, yóò sì wá ibi tí yóò máa sùn, nítorí ìtọ́jú ìtànṣán kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì ni, fún ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 5, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni a gé gbogbo ọmú rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé àrùn náà bèèrè rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé Èkó jìnnà. Níhìn-ín ni ọmọ ìyá ti wúlò. Bí àbúrò rẹ̀ kan bá ní yàrá ní Múṣin, tí ó sì wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá máa sùn lọ́dọ̀ mi; èmi ni yóò máa bá yín lọ láràárọ̀,” ó ti ṣe ju ìpàdé ẹbí mẹ́wàá lọ. Kò pinnu fún un. Ó fi ọ̀nà kan kún àwọn ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn kan yóò bèèrè bóyá lílọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Èmi kò ní pẹ́ lórí èyí. Aísáyà tí ó mú ìhìn ìwòsàn tọ Hesekáyà lọ ni ó tún ní kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Lúùkù, tí a ń ka Ìhìn Rere rẹ̀ nínú ìjọ, oníṣègùn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kí ó gbà á; ebi náà, òun ni yóò pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí aláìsàn kọ́kọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, kí a fi wo ohun tí àdúrà yóò ṣe, kì í ṣe àkókò tirẹ̀ ni ó fi rúbọ. Ọjọ́ díẹ̀ láti ronú, tàbí láti gbọ́ ti oníṣègùn kejì, kì í sábà pa ènìyàn lára. Oṣù lórí oṣù ni ó ń sọ èyí tí a tètè rí di èyí tí a pẹ́ kí a tó tọ́jú.

Mo máa ń rántí lẹ́tà kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 1811, ní Paris, a gé ọmú obìnrin òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Fanny Burney, nítorí ohun tí àwọn oníṣègùn rẹ̀ pè ní jẹjẹrẹ. Larrey, oníṣẹ́ abẹ ogun Napoleon, ni ó mú abẹ lọ́wọ́. Kò sí oògùn ìkunnilóorun nígbà náà. Ó di 1846 kí a tó fi ether hàn ní gbangba ní Boston. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Esther, wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogun sì wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Ní 1812 ni Burney kọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ó pẹ́ kí ó tó lè kọ ọ́ tán, nítorí ní oṣù 9 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, orí ṣì ń fọ́ ọ bí ó bá ti ń ròyìn rẹ̀. Esther kò lè dì í lọ́wọ́ mú, kò lè gbà á nímọ̀ràn. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó ka ohun tí àbúrò rẹ̀ kọ títí dé òpin, láìjá a lẹ́nu. Burney wà láyé títí di 1840. Àwa tí a wà nítòsí, tí a lè jókòó ti aláìsàn tiwa, a kì í gbọ́ tirẹ̀ dé ìlàjì kí a tó ní, “Má dààmú.”

Ǹjẹ́ kí a má bẹ̀rù ni mo ń wí? Rárá o. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà nínú ilé náà, a jẹ́ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n wá ọ̀rẹ́ tirẹ̀, tàbí àlùfáà, tàbí ẹ̀yìnkùlé, kí ó sunkún níbẹ̀. Bí omijé bá bọ́ lójú rẹ̀ níwájú aláìsàn, kò burú, bí kò bá ṣáà ti sọ ọ́ di iṣẹ́ aláìsàn láti máa rẹ òun lẹ́kún. Ẹ̀rù mìíràn tún wà tí àwọn obìnrin ilé kì í fẹ́ sọ jáde: pé bóyá ó ń bọ̀ wá kan àwọn náà. Òtítọ́ ni pé díẹ̀ nínú jẹjẹrẹ ọmú a máa tọ ìdílé. Èyí tí ó pọ̀ jù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lọ bèèrè lọ́wọ́ oníṣègùn, kí a sì yẹ tiwọn náà wò. Kí wọ́n má ṣe máa wo ojú aláìsàn bí ẹni ń wo dígí.

Ìtọ́jú náà gùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí ṣáájú rẹ̀, oògùn tí a ń fà sínú iṣan lè gba oṣù mélòó kan, irun a sì máa re. Àwọn mìíràn yóò máa lo hóró oògùn bíi tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún 5, nígbà mìíràn fún ọdún 10. Ní oṣù kìíní, ilé yóò kún fún àlejò. Ní oṣù kẹfà, àga ni yóò kù. Ẹni tí ó bá ń wá ọmọ ìyá, kí ó wo ẹni tí ó ṣì rántí ní ọdún kejì ọjọ́ tí ó tún kàn láti lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó ti mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀, tí ó mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́ láti kọ ohun tí oníṣègùn bá sọ.

Nínú Ìwé Númérì, Miriamu, ẹ̀gbọ́n Mósè, dẹ́tẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ hàn gbangba, Mósè gan-an ni ó sì ṣẹ̀. Èmi kò sọ èyí láti fi wí pé àìsàn ẹnikẹ́ni jẹ́ ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí ń wá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé aláìsàn, ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí a sìn wọ́n dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ó ṣẹ̀ pàápàá. Mósè gbàdúrà fún un, àdúrà tí kò gùn ju èémí kan lọ. A sé e mọ́ ẹ̀yìn ibùdó ní ọjọ́ 7. Gbogbo ènìyàn wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ àti ẹran ọ̀sìn, tí ilẹ̀ ìlérí wà níwájú wọn, wọ́n dúró dè é. Ìwé náà kò sọ ohun tí wọ́n wí fún un nígbà tí a mú un padà wọlé. Ó kàn sọ pé lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí kúrò ní Haserotu, tí wọ́n sì lọ pàgọ́ sí ijù Parani.