Kí Ọmọlúàbí Tó Gba Iṣẹ́ Tíṣà ní Iléèwé Aládàáni

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí NCE tàbí dìgírì nílẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ ìjọba kì í tètè kàn. Iléèwé aládàáni tó wà ládùúgbò ló sábà máa ń kọ́kọ́ pè wọ́n. Ìbéèrè tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò sì bi wọ́n ni pé, èló ni wọn yóò máa san?

Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti ọdún 2024 ni òfin ti sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin náà kò de ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó 25, ọ̀pọ̀ iléèwé kéékèèké sì ni tíṣà wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè iye owó, ọjọ́ tí wọ́n ń san án, àti bóyá wọ́n ń san án lásìkò ọlidé. Kí èèyàn sì gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ní ìbéèrè kejì tí yóò bi ara rẹ̀: ṣé mo lè fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ yìí ní iye tí wọ́n pè é? Àwọn kan ní bí owó bá ti mọ ni iṣẹ́ náà ń mọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbà méjì ló jọ dúnàádúrà lórí owó oṣù. Ọmọ tó jókòó ní kíláàsì kò sí níbẹ̀. Bí tíṣà kò bá múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tàbí tó já iṣẹ́ jù sílẹ̀ láàárín táàmù láìdágbére, ọmọ náà ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ. Bí owó kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíkọ iṣẹ́ kò ba orúkọ ẹni jẹ́.

Ohun kan wà tí owó ńlá pàápàá kò gbọ́dọ̀ mú wa gbà. Àwọn iléèwé kan ń retí kí tíṣà máa sọ ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìdánwò WAEC, kí èsì lè dára, kí òbí lè máa mú ọmọ wá. Òfin ọdún 1999 ka èrú ìdánwò sí ọ̀ràn. Èèwọ̀ ni fún ọmọlúàbí kí òfin náà tó dé. Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn kì í sì í ṣe tuntun: olùkọ́ kan, Tai Solarin, fi ipò prìnsípà sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà, ó sì dá iléèwé tirẹ̀, Mayflower, sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956.

Ẹni tó ni iléèwé náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ òbí, tó wá ń jẹ tíṣà lówó oṣù, kò lẹ́nu láti kọ́ ọmọ ní òtítọ́.

Ìwọ tí ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ, béèrè gbogbo ohun tó yẹ kí o tó fọwọ́ sí i. Bí o bá sì ti gbà á, kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí o ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ́ tìrẹ.